Kí géèjì kọ́kọ́ sọ òótọ́ ná, kó tó máa dán

Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo ń tún ọkọ̀ Ìjàpá kan, Volkswagen Beetle, ṣe ní Badagry níbí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé ìgbà wo ni mo máa kùn ún. Wọ́n á ní kí n kùn ún ní búlúù, kí n wá ríìmù tó ń dán sí i, kí n máa gbé e lọ sí Marina lọ́jọ́ Sátidé kí àwọn tó wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ lè máa ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn, ọ̀dà dáa, èmi náà fẹ́ kó rẹwà. Ṣùgbọ́n ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi géèjì, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń bá ẹni tó ń wà á sọ̀rọ̀, tí ibẹ̀ bá sì ti ń parọ́, kò sí ọ̀dà tó lè gba èèyàn sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an ni, torí mo rí ohun tí a ń fi ojú géèjì rí níbí. Ẹ wọ danfo tó ń lọ sí Mile 2, ẹ jókòó síwájú, ẹ wo ọ̀ọ́kán dẹ́rẹ́bà, gbogbo ọwọ́ géèjì ti sùn sílẹ̀, òmíràn ò tiẹ̀ ní ọwọ́ mọ́, wọ́n ti lẹ sítíkà bò ó, tí ẹ bá sì bi dẹ́rẹ́bà pé báwo ló ṣe ń mọ iye fúẹ́lì tó kù, á ní òun mọ ọkọ̀ òun. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́ o. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kan láàárọ̀ lálẹ́ á mọ ìró ẹ̀ dénú. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí etí ò lè tètè gbọ́, kó tó gbọ́ wọn ẹ́ńjìnnì ti lọ.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìjàpá yìí ti bọ́ sọ́wọ́ mi. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní 1300 ni, ọdún 1973, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì rà á ní tuntun ní Èkó lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti yí ọ̀nà padà, ẹ̀yin àgbà á rántí, 2 April 1972, ọjọ́ tí gbogbo wa kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún. Kì í ṣe èyí tí wọ́n tò ní Ojo. Ti Ojo, ọdún 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, ojú ọ̀nà wa yìí kan náà, ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna, Brazil sì ni wọ́n ti ń kó ẹ̀yà ara Ìjàpá wá tò ní Ojo. Àwa tí à ń gbé Badagry, tí a mọ ohun tí wọ́n kó láti etí omi wa lọ sí Brazil láyé ijọ́hun, a ò lè gbọ́ ìyẹn ká má dúró díẹ̀. Mo ń sọ eléyìí torí pé géèjì ti Ojo àti ti Jámánì lè má rí bákan náà, ẹ wo ti yín dáadáa kí ẹ tó tẹ̀lé ohun tí mo bá sọ. Wọ́n ti ṣíwọ́ níbi méjèèjì tipẹ́, Mexico ni wọ́n ti ṣe Ìjàpá tó kẹ́yìn pátápátá, ọdún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ. Torí náà, géèjì àtètèkọ́ṣe tó ṣì wà lójú ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ sọnù kó wá fi ti ọkọ̀ mìíràn rọ́pò.

Ojú kan ṣoṣo ni Ìjàpá mi ní. Mítà tó ń ka eré wà láàárín, géèjì fúẹ́lì kékeré wà nísàlẹ̀ inú ẹ̀, iná pẹ́pẹ̀pẹ́ mélòó kan yí i ká, ó tán. Kò sí géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, torí kò sí rèdíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lára. Èèyàn á rò pé ohun tó kéré tó báyìí ò lè ní wàhálà. Àmọ́ ẹ rántí ibi tí a wà. Ọ̀sà ló wà níwájú wa, òkun ló wà lẹ́yìn ọ̀sà, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń wọlé lójoojúmọ́, rọ́bà tó ń dí etí gíláàsì ti gbẹ, ó ti sán, nígbà tí mo gba ọkọ̀ náà ìrì ti ń kóra jọ sínú gíláàsì láàárọ̀ débi pé èèyàn ò rí nọ́ńbà, ìdí àwọn gílóòbù ti di àwọ̀ ewé látinú ìpẹtà.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ìdọ̀tí yẹn o, géèjì fúẹ́lì ni. Gbogbo ìgbà ló ń fi hàn pé táǹkì kún. Ẹ da díẹ̀ sí i, ó kún. Ẹ wà á títí, ó ṣì kún. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà láti Agbara wá sí Badagry lóru mọ ohun tó túmọ̀ sí kí fúẹ́lì tán níbẹ̀ nígbà tí géèjì ṣì ń sọ pé kò séwu. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá ríwáyà kan ní Ajara, àgbàlagbà ni wọ́n, ìgbà tí Ìjàpá pọ̀ ní títì ni wọ́n kọ́ṣẹ́. Wọ́n ṣí búùtù iwájú, wọ́n ká páálí tó bo ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọn ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí wọ́n fi ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti yọ nǹkan kúrò níbí."

Mo ní, "Bàbá, kí ni wọ́n yọ?"

"Ohun kékeré kan tó máa ń wà lẹ́yìn mítà, òun ló ń bá géèjì dín iná kù. Ẹ wò ó, wọ́n ti lọ́ wáyà méjèèjì pọ̀. Gbogbo iná bátìrì ló ń lọ sínú géèjì yẹn tààrà."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn dáadáa torí mo ti rí i pé ó wọ́pọ̀. Géèjì fúẹ́lì irú ọkọ̀ yìí, irin pẹlẹbẹ kan ló wà nínú ẹ̀, irin oríṣi méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, wáyà tín-ín-rín wé e lára. Tí iná bá gba inú wáyà yẹn, á gbóná, irin á tẹ̀, ọwọ́ géèjì á gbéra. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni ọwọ́ á ṣe gòkè tó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ fúẹ́lì kì í fò sókè lójijì, díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, irin yẹn ló ń gbóná. Nínú táǹkì, ohun kan léfòó lórí fúẹ́lì, bó ṣe ń lọ sókè sódò ló ń pinnu iná tó máa kọjá. Ó wá ku wàhálà kan, iná bátìrì kì í dúró sójú kan, ó máa ń lọ sókè tí ẹ bá ń sáré, á wálẹ̀ tí ẹ bá dúró tàbí tí ẹ tan iná iwájú. Tí ohunkóhun ò bá mú un dúró, géèjì á máa gùn á máa sọ̀ láìjẹ́ pé fúẹ́lì yí padà. Iṣẹ́ ohun kékeré tí wọ́n yọ yẹn nìyí, vibrator ni wọ́n ń pè é, ó ń já iná ó ń so ó léraléra kí èyí tó dé géèjì lè kéré kó sì dọ́gba. Nígbà tó bàjẹ́, ẹnì kan tó fẹ́ tètè parí iṣẹ́ yọ ọ́, ó lọ́ wáyà pọ̀, ọwọ́ géèjì fò sókè, oníbàárà dunnú pé ó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sanwó.

Inú bí mi sí i. Géèjì tó ti kú, èèyàn mọ̀ pé ó ti kú, á gé igi, á kì í bọ inú táǹkì, á wò ó. Àìní géèjì pàápàá ní ìtàn, àwọn Ìjàpá ayé àtijọ́, àwọn tí wọ́n ṣe kó tó di 1961, ọ̀pọ̀ wọn ò ní géèjì fúẹ́lì rárá, kọ́ọ̀kì kan tí wọ́n fi ń ṣí fúẹ́lì ló wà lẹ́sẹ̀ dẹ́rẹ́bà, tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á fi ẹsẹ̀ yí i kí fúẹ́lì ìpamọ́ lè máa wá. Àwọn yẹn ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó ní géèjì tí géèjì ń sọ pé ó kún nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òun ló ń pààyàn.

A wá vibrator mìíràn, a fi sí i. Lẹ́yìn ìyẹn mo fa gbogbo fúẹ́lì inú táǹkì jáde, mo wá ń da fúẹ́lì padà sí i lítà márùn-ún márùn-ún, mo ń dúró kí ọwọ́ fara balẹ̀, mo ń kọ ibi tó dúró sí. Bíi 40 lítà ni táǹkì Ìjàpá ń gbà, torí náà tó bá ti di 20, ó yẹ kí ọwọ́ wà níbi ìlàjì. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe géèjì fúẹ́lì fún yín tí kò ṣe irú ìdánwò yìí, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ ṣe é níta gbangba o, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí, kí jẹnẹrétọ̀ má sì wà níbẹ̀.

Iná pupa wá ńkọ́. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Ìjàpá, tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, iná pupa kékeré yẹn ni mo máa mú. Ọ̀pọ̀ rò pé ti bátìrì nìkan ni, pé tó bá tàn, ó kàn túmọ̀ sí pé bátìrì ò gba iná, èèyàn lè wà á délé kó tó pe ríwáyà. Nínú ọkọ̀ mìíràn bóyá. Nínú Ìjàpá, fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì, orí irin kan náà pẹ̀lú dínámò tó ń ṣe iná fún bátìrì ló wà, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí méjèèjì. Tí bẹ́líìtì bá já, dínámò dúró, fáànù dúró, iná pupa á tàn, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná láìsí afẹ́fẹ́ kankan tó ń tù ú. Kò sí rèdíétọ̀ tó máa yọ èéfín kí ẹ lè rí i. Iná yẹn nìkan ló máa sọ fún yín, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì wà, ẹ ò ní tètè gbọ́ nǹkan. Tó bá tàn lẹ́nu ìrìn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lójú ẹsẹ̀, ẹ pa á. Ẹ wá wo iye Ìjàpá tí gílóòbù yẹn ti jó tí ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ ẹ̀, ohun tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì ta ẹ́ńjìnnì, iná pupa gbọ́dọ̀ tàn, iná ọ́ìlì náà gbọ́dọ̀ tàn, tí ẹ bá ta ẹ́ńjìnnì kí méjèèjì kú. Tí èyíkéyìí ò bá tàn nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn jáde lọ síbi tó jìnnà. Mo bẹ̀ yín.

Mítà tó ń ka eré ló wù mí láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ jù, torí nígbà tí mo mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo tó mọ bí mo ṣe lè fọwọ́ kàn án. Ọmọ Jámánì kan, Otto Schulze, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀ lọ́dún 1902, ohun tó ṣe yẹn náà ló ṣì wà nínú ọkọ̀ mi. Kébù kan ń bọ̀ láti ìdí táyà iwájú apá òsì, bí táyà ṣe ń yí ló ń yí. Orí kébù yẹn ló ń yí òòfà kan nínú mítà. Ife alumíníọ́ọ̀mù kan bo òòfà náà, àmọ́ wọn ò fara kanra rárá, òòfà kì í sì í fa alumíníọ́ọ̀mù. Síbẹ̀, tí òòfà bá ń yí, ó ń dá iná kékeré sílẹ̀ nínú ara ife yẹn, iná yẹn ló ń jẹ́ kí ife fẹ́ máa bá a lọ, bí ẹ bá fi ọwọ́ ro omi nínú báàfù, ewé tó léfòó lórí ẹ̀ á máa bá omi yí láìjẹ́ pé ọwọ́ yín kàn án. Sípíríǹgì kan tó tín-ín-rín bí irun wá ń fa ife náà padà. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni ọwọ́ mítà á dúró sí. Nínú gbogbo ìyẹn, kò sí wáyà kan, kò sí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi ìka yí ìdí ẹ̀ tí mo rí ọwọ́ tó gbéra, mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Ìdí tí mo fi sọ ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ mítà tí wọ́n ní ó ti kú, kò kú. Kí ẹ tó tú géèjì, ẹ lọ wo táyà iwájú apá òsì ná. Orí kébù gba àárín lọ, ó yọ síta níbi ìdérí kékeré tó wà láàárín, kílíìpù kan ló dì í mú. Tí mẹkáníìkì bá yọ táyà láti ṣe bíárìn tí kò dá kílíìpù yẹn padà, ìdérí á máa yí, kébù ò ní yí, ọwọ́ mítà á sùn, wọ́n á ní kí ẹ ra mítà. Tí kébù bá ń yí àmọ́ tí ọwọ́ mítà ń gbọ̀n, kébù ti gbẹ nìyẹn tàbí ó ti tẹ̀ níbì kan. Ẹ fà á jáde, ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí gíríìsì dé apá òkè tó wọnú mítà, á gun òkè lọ bá ife àti sípíríǹgì yẹn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. WD-40 táwọn èèyàn máa ń fọ́n sí gbogbo nǹkan, ẹ má fọ́n ọn sínú mítà.

Ó yá, títú àti fífọ̀. Ẹ yọ orí bátìrì kúrò kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ fi fóònù ya ẹ̀yìn géèjì dáadáa kí ẹ tó yọ wáyà kan, kí ẹ sì lẹ bébà mọ́ ìkọ̀ọ̀kan. Òrùka irin tó yí gíláàsì ká ni wọ́n tẹ̀ mọ́ ìdí géèjì, ẹ ò ní rí ìdè kankan níbẹ̀, sùkúdíráífà pẹlẹbẹ kékeré lẹ máa fi gbé etí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ yí i ká, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ tún yí i ká. Ẹni tó bá kánjú gbé e níbì kan ṣoṣo, òrùka á ya tàbí gíláàsì á fọ́. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè yín.

Gíláàsì rọrùn, ọṣẹ àti omi, ó tán. Tó bá jẹ́ ike ló wà lójú ti yín, ẹ máa fi ọṣẹ ìfọyín àti aṣọ rírọ̀ ra á títí kó tó mọ́. Ojú géèjì gan-an, ibi tí nọ́ńbà wà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dákẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, òwú tó wà lórí igi táa fi ń ro etí, ẹ tì í bọ distilled water, irú tí wọ́n ń rọ sí bátìrì, ẹ fún omi kúrò lára ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dán an wò létí ibi tí òrùka máa bò. Tí àwọ̀ bá tẹ̀ lé òwú, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Spírítì, pẹtiróòlù, tínà, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, wọ́n máa nu lẹ́tà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ̀kẹ́ nọ́ńbà tó ń ka kìlómítà, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nìkan. Ọwọ́ mítà tí oòrùn ti jẹ àwọ̀ ẹ̀, ẹ lè kùn ún, àmọ́ kó fẹ́lẹ́ gidi gan-an, wọ́n wọn ìwọ̀n ọwọ́ yẹn kó lè dọ́gba, ọ̀dà tó bá nípọn á jẹ́ kó tẹ̀ sápá kan, á sì máa ka irọ́. Inú agolo géèjì, ibi tí gílóòbù ń tàn sí, funfun ni wọ́n kùn ún kí iná lè ta padà sójú géèjì, tó bá ti di pupa rúsúrúsú ẹ tún un kùn ní funfun. Ìyẹn nìkan á jẹ́ kí ẹ rí nọ́ńbà lóru ju gílóòbù ńlá lọ, gílóòbù tó bá tóbi jù á jó ike àti àwọ̀.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ tó dàgbà ju tèmi lọ ṣe, àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú àwọn ọdún 1960 yẹn. Tí nọ́ńbà tàbí ọwọ́ géèjì bá ní ọ̀dà kan tó nípọn, tó ti pọ́n bíi búráùn, tí wọ́n sọ pé tẹ́lẹ̀ ó máa ń tàn lókùnkùn, ẹ má tú u, ẹ má ha á. Ó lè jẹ́ radium, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde. Ó ti dẹ́kun títàn torí pé ohun tó ń tàn nínú ọ̀dà ti gbó, radium fúnra ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nǹkan bí 1,600 ọdún ló máa gbà kí ìlàjì ẹ̀ tó lọ. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kùn ún sójú aago ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, àìsàn egungun ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ fi gíláàsì bò ó bó ṣe wà.

Àwọn tó wá ràn mí lọ́wọ́, nígbà tí a ti tú mítà, wọ́n ní ó yá, níwọ̀n bó ti ṣí sílẹ̀, kí n dá nọ́ńbà kìlómítà padà sí òdo kí ọkọ̀ lè di tuntun. Mo ní rárá. Nọ́ńbà márùn-ún péré ló ní, tó bá dé 99,999 á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, torí náà kò sẹ́ni tó lè fi ojú ẹ̀ mọ iye tí ọkọ̀ yìí ti rìn lóòótọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe fún wa lára tòkúnbọ̀ nìyẹn, wọ́n á fa máílééjì wálẹ̀, wọ́n á ta ọkọ̀ tó ti rẹ̀ fún ẹni tó ta ilẹ̀ láti fi rà á. Ibi tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà á dé ni nọ́ńbà yẹn wà, ibẹ̀ náà ló ti máa tẹ̀ síwájú. Àpá kékeré tí oòrùn fi sójú géèjì náà mo fi sílẹ̀, nọ́ńbà hàn, ìyẹn tó.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo dúró dè kí n tó pa géèjì dé. Ní Badagry, afẹ́fẹ́ inú oṣù kẹfà, omi ni, tí ẹ bá pa á dé nígbà yẹn, omi lẹ pa mọ́ inú gíláàsì. Mo fi í sínú ọ̀rá pẹ̀lú àwọn páálí kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà, silica gel tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ó sùn mọ́jú níbẹ̀, mo wá fi rọ́bà tuntun sí i, mo tẹ òrùka padà díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà yẹn mi ò tíì rí ìrì nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo gbé e jáde láàárọ̀ kùtùkùtù lápá ibi tí ọ̀nà ti gún lọ sí Seme, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di fóònù mú pẹ̀lú GPS, ó ń pe eré, èmi ń wo mítà. Tí mítà bá sọ pé 60, fóònù á sọ ohun tó dín díẹ̀ sí i. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àwọn tó ń ṣe mítà kì í jẹ́ kó ka eré kéré sí bó ṣe jẹ́. Tí ti yín bá ń ka kéré, òòfà lè ti rẹ̀, tàbí kí ẹ wo táyà iwájú, torí òun ló ń yí kébù, táyà tó kéré tàbí tó ga ju èyí tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún lọ á yí ìṣirò padà, á sì yí kìlómítà padà pẹ̀lú.

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú bébà kan, mo fi sínú píjìnhóòlù. Vibrator, a pààrọ̀ ẹ̀. Gílóòbù pupa àti ti ọ́ìlì, tuntun. Rọ́bà gíláàsì, tuntun. Ibi tí ọwọ́ fúẹ́lì ń dúró sí ní lítà mẹ́wàá, ní 20, ní 30. Eré tí fóònù kà àti èyí tí mítà kà. Lábẹ́ gbogbo ẹ̀ mo kọ ọ́ pé nọ́ńbà kìlómítà, a ò fọwọ́ kàn án. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọ̀dà.